Gbajúmọ̀ Tí Kì Í Kí Èèyàn

Bí ó bá jẹ́ ìtàn bí mo ṣe rí físà gbà ni ẹ ń wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ bá ẹlòmíràn. Gbogbo ẹni tó ti dé Lọ́ńdọ̀nù ló ní irú ìtàn bẹ́ẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń fi irọ́ díẹ̀ sí i kí ó lè dùn. Tèmi kò ju pé mo dé, mo rí i pé òtútù tí wọ́n ń sọ kì í ṣe àsọdùn, mo sì rí i pé ìwé ẹ̀rí yunifásítì tí mo fi ọ̀rá méjì wé kí òjò má baà pa á kò já mọ́ nǹkan kan lójú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Kí oṣù kan tó pé, mo ti di afọṣọ ní ọsibítù kan.

Ìtòkú ni wọ́n bí mi sí, l'Abẹ́òkúta, nínú ìdílé ìmàle tó ti ń ta àdìrẹ láti ìgbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́. Iṣẹ́ ìyá mi ni kí ó mú aṣọ funfun, kí ó rì í sínú aró. Iṣẹ́ tèmi ní Lọ́ńdọ̀nù ni kí n mú aṣọ ibùsùn tí oríṣiríṣi àwọ̀ ti bà jẹ́, àwọn àwọ̀ tí n kò ní dárúkọ nítorí ẹni tó bá ń jẹun lọ́wọ́, kí n fọ̀ ọ́ títí yóò fi funfun. Ọmọ aláró wá di ẹni tí ń bọ́ àwọ̀ lára aṣọ. Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Èmi ni mo kọ́kọ́ rín in.

Ní ọjọ́ kìíní tí mo wọ ibi iṣẹ́, ọ̀gá wa, Mísíìsì Họ́bù, wọlé láàárọ̀. Obìnrin náà dàgbà tó ìyá mi. Kí n tó rò ó, orúnkún mi méjèèjì ti kanlẹ̀.

"Ó ti dákú!" ni ẹnì kan pariwo.

Wọ́n gbé àga wá. Wọ́n bu omi wá. Nọ́ọ̀sì kan sáré sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ń wo aago, ó ní ìgbà wo ni mo jẹun kẹ́yìn. Mo ní mo ti jẹun, mo kàn ń kí ọ̀gá ni. Ó yíjú sí Mísíìsì Họ́bù, ó ní, "Ó ń ṣe ìrànrán."

Obìnrin ará Jàmáíkà kan tó ń lọ aṣọ lọ́wọ́, Àǹtí Dọ́rín, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, ó fà mí dìde.

"Ọmọ, gbọ́ mi. Má kúnlẹ̀ mọ́. Níbí, ẹni tó ń kú ló ń kúnlẹ̀."

"Ṣé ẹ kì í kí ọ̀gá yín láàárọ̀ ni, Àǹtí?"

"Kí ta? Láti ọdún tí mo ti wà níbí, obìnrin yẹn kò tíì kí mi rí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ńlá tó wà lọ́hùn-ún yẹn ló máa ń kí. Wàá gbọ́ ọ fúnra rẹ."

Mo rò pé ó ń dápàárá ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mísíìsì Họ́bù wọlé, ó kọjá lára wa bí ẹni kọjá lára ògiri, ó fi ọwọ́ gbá ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ní, "Báwo la ṣe jí lónìí?"

*

Ẹ gbọ́ ohun tí mo kọ́ nípa ìdánìkanwà. Nílé, ìrìn láti ẹnu ọ̀nà wa dé ibi ìkòkò aró ìyá mi kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ó sì máa ń gbà mí ní ààbọ̀ wákàtí. Mo gbọ́dọ̀ kí Ìyá Alátẹ. Mo gbọ́dọ̀ kí àwọn bàbá tó jókòó síwájú mọ́ṣáláṣí. Mo gbọ́dọ̀ béèrè ọmọ, kí n béèrè ẹsẹ̀ tó ń ro, kí n béèrè ewúrẹ́ tó sọnù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, mo kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ìkíni ni owó orí tó wúwo jù tí Ẹ̀gbá ń san, pé bí a bá lè fòfin dè é fún ọdún kan péré, a ó ti kọ́ afárá dé òṣùpá. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Ọgbọ́n ti pọ̀ jù lágbárí mi nígbà yẹn.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, láti yàrá mi dé ibi iṣẹ́, ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó sì ń gbà mí ní ìṣẹ́jú márùn-ún gééré. Ìyẹn ni ìdánìkanwà.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọ̀sán Sátidé, ẹ̀gbọ́n mi, Bùrọ̀dá Lásísì, máa ń mú ìyá wa lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù ní Òkè-Ìlẹ̀wọ̀. Èmi á ti dúró sínú àpótí tẹlifóònù ní ẹ̀gbẹ́ títì, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún wọn. Ìyá mi kò gbà pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tó ìdí láti ya aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tó ń so wáyà ló máa ń kọ́kọ́ kí. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú ìjókòó. Ìka ọwọ́ yín kò ní rọ. Àwọn ọmọ ńkọ́?" Ìgbà tí ìyẹn bá dáhùn tán, ó kàn mí.

"Ọmọ mi, o kú òtútù. O kú àjò. O kú àìrí wa. Onílé rẹ ńkọ́?"

"Ó wà, Màámi. Màámi, ẹ gbọ́..."

"Ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ńkọ́? Ìyá Jàmáíkà yẹn ńkọ́? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó ti fúyẹ́. Màámi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ."

"Èmi náà ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọ̀rọ̀ náà ni pé..."

Kéré. Wáyà á já. Oṣooṣù ló máa ń já síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà Bùrọ̀dá Lásísì á dé, màá wá mọ̀ pé páànù orí ilé ti ṣí, tàbí pé ọmọ ẹnì kan ti gbéyàwó.

*

Ohun kan ṣoṣo ni mo ń wá ní ìlú yẹn, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí n tó tẹ̀síwájú. Mo ń ya kọ́míìkì, ìwé àwòrán tí ọ̀rọ̀ ń rú jáde lẹ́nu àwọn èèyàn inú rẹ̀ bí èéfín. Mo fẹ́ kí akọni mi di ìwé, bí mo ṣe yà á gẹ́lẹ́, kí orúkọ mi sì wà lára èèpo rẹ̀. Gbajúmọ̀ ni akọni náà ń jẹ́.

L'Abẹ́òkúta ni mo ti rí i, lójúkojú. Ní ọdún tó ṣáájú ìgbà tí mo kúrò nílé, ọ̀gá ìjọba kan wá sí Ìtòkú láti bá wa gbẹ́ gọ́tà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, irú wọn kò ṣọ̀wọ́n. Ó wọ bàtà òjò tuntun. Ọkùnrin kan gbé kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n sí èjìká tẹ̀lé e. Ọ̀gá ti ṣọ́bìrì bọlẹ̀, ó bu yẹ̀pẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan, àwa èrò ìwòran hó. Ọkùnrin oníkámẹ́rà ní ẹ̀rọ òun kò tíì gbọ́ná. Àwọn òṣìṣẹ́ bá da yẹ̀pẹ̀ padà sínú gọ́tà kí ọ̀gá lè tún un gbẹ́. Ó tún un gbẹ́. Oòrùn wá ń tàn sí ẹ̀yìn rẹ̀, ojú rẹ̀ kò hàn. Wọ́n tún da yẹ̀pẹ̀ padà. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá bọ́ bàtà, ó wọ mọ́tò, ó lọ. Yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà padà kẹ́yìn ṣì wà nínú gọ́tà náà nígbà tí òjò dé.

Ìyá mi, tó ń sá aṣọ ní gbogbo ìgbà yẹn, sọ gbólóhùn kan péré. "Ó gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, kò kí ẹnikẹ́ni."

Bí mo ṣe rí Gbajúmọ̀ nìyẹn. Bí kámẹ́rà bá dojú kọ ọ́, á fò, á gbé afárá sórí, á fi eyín fa ọkọ̀ òkun. Bí kámẹ́rà bá yíjú, kò lè gbé korobá omi. Nínú ìtàn kìíní, ilé kan ń jó. Gbajúmọ̀ dúró síta, ó ń fi àtíkè para, ó ń dúró de àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí wọ́n dé, iná ti kú, ó sì ní kí wọ́n tún un dá.

Bí mo ṣe ń yà á, ọwọ́ ìyá ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Ẹni tó ń ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ á kọ́kọ́ pín aṣọ sí ojú ilé kéékèèké, á ki ìyẹ́ adìyẹ bọ inú ẹ̀kọ láfún, á máa ya ohun tó bá fẹ́ sínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró kò ní mú. Funfun ni yóò jáde. Nítorí náà, ẹni tó ń ya àdìrẹ kì í ya ohun tó dúdú, ohun tó fẹ́ kí ó kù sílẹ̀ ló ń yà. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ya Gbajúmọ̀, lórí páálí tí wọ́n fi ń di ọṣẹ ọsibítù, ojú ilé kọ̀ọ̀kan nínú àlà rẹ̀, gbogbo ayé dúdú bí aró, ènìyàn funfun láàárín.

Ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta dá a padà. Ọ̀kan ní kò sí ẹni tó ń ra akọni tí kì í ṣẹ́gun. Ọ̀kan ní ṣé ó dá mi lójú pé n kò kọ dúdú sí ibi tó yẹ kí ó funfun. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò sọ nǹkan kan, ó kàn fi àmì ife tíì sí ojú Gbajúmọ̀.

*

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ni Jẹ́rẹ́mì. Orí òkè ilé ìtajà ẹja ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ọmọ ọlọ́lá ni, ṣùgbọ́n ó máa ń wọ ẹ̀wù tó ya ní ìgúnpá, òun fúnra rẹ̀ ló sì fara balẹ̀ fà á ya. Ó ka Gbajúmọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó rẹ́rìn-ín ní ibi tó yẹ, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀. Ó ní òun á tẹ̀ ẹ́.

"Ṣùgbọ́n," ó ní, "ta ló mọ̀ ọ́? Ìwé kì í ta fúnra rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ètò lórí tẹlifíṣọ̀n."

Mo mọ ètò náà. Gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á gbé kámẹ́rà wọ ilé tálákà kan láti fi hàn bí ayé rẹ̀ ṣe rí gan-an, wọn á sì fi tẹlifóònù parí rẹ̀: ẹnì kan tí tálákà náà kò rí láti ọjọ́ pípẹ́ á sọ̀rọ̀, tálákà á bú sẹ́kún, kámẹ́rà á sún mọ́ omijé náà títí á fi tóbi tó àgbọn. Ètò Ẹkún ni èmi àti Àǹtí Dọ́rín ń pè é. Nítorí ètò yìí gan-an ni mo fi ya apá kejì Gbajúmọ̀.

"Ìwọ mọ̀ pé àwọn ni mo fi ń ṣẹ̀fẹ̀ nínú ìwé yìí," ni mo sọ fún Jẹ́rẹ́mì.

"Ìyẹn gan-an ló dùn níbẹ̀!" ó ní. "Bí o bá lọ, mo tẹ̀ ẹ́. Bí o kò bá lọ..." Ó gbé èjìká.

Mo lè purọ́ fún yín pé mo kọ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo gbà. Ẹni tó ti ń fọ aṣọ ẹlòmíràn láti ìgbà tó dé, tó sì ń gbé akọni rẹ̀ kiri nínú páálí ọṣẹ, á gbà. Mo sọ fún ara mi pé màá wọ inú ilé ẹkùn láti ya àwòrán eyín rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀mọ̀wé máa ń sọ bí ó bá fẹ́ ṣe ohun tó ń tì í lójú nìyẹn.

*

Ọjọ́ tí wọ́n wá sí yàrá mi, wọ́n kọ́kọ́ gbé àpótí ìwé mi síta. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé ẹ̀rọ amúlégbóná tẹ̀lé e. Wọ́n ní kí n má mẹ́nu kan yunifásítì, pé kò ní bá ìtàn náà mu. Ọmọbìnrin kan tó mú ìwé lọ́wọ́ béèrè bóyá mo ní ère tí a lè gbé sí ẹ̀yìn mi. Mo ní ilé ìmàle ni wọ́n bí mi sí, ère kan ṣoṣo tó wà nílé wa ni ti ọmọ òyìnbó tó sanra lára agolo mílíìkì.

Atọ́kùn ètò náà wá dé. Tẹ́rì ni wọ́n ń pè é. Eyín rẹ̀ funfun ju gbogbo aṣọ tí mo ti fọ̀ rí lọ. Kò kí mi. Ó wo kámẹ́rà, ó ní, "Níbo ni màá dúró sí?"

"A ní ohun ìyanu kan fún ọ," ó sọ fún mi. Ìyanu tí èmi fúnra mi fún wọn ní nọ́ńbà rẹ̀! "Bí mo bá ti ní ìyá rẹ wà lórí wáyà, la ẹnu, fi ọwọ́ bò ó."

Mo la ẹnu, mo fi ọwọ́ bò ó.

"Ó ti yá jù. Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Iná tó wà lókè wá ń kọ yànrànyànràn lójú mi, ó ní kí n tún un ṣe. Ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí mo la ẹnu, mo rí gọ́tà Ìtòkú lójú mi kedere, mo rí yẹ̀pẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dà á padà. Èmi ni mo wọ bàtà òjò.

Mo fẹ́ dìde. Mo rántí Gbajúmọ̀ nínú páálí. Mo jókòó.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni, ètò náà sì ń lọ sí ilé gbogbo èèyàn ní tààrà, kò sí pé ẹ jẹ́ kí a pa á rẹ́. Tẹ́rì sọ bí mo ṣe ń jìyà, pẹ̀lú ohùn tí wọ́n fi ń ta ọṣẹ. Ó kéde ìyanu. Mo la ẹnu, mo fi ọwọ́ bò ó. Ohùn ìyá mi wá wọ yàrá náà láti Òkè-Ìlẹ̀wọ̀.

"Alóò? Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń so wáyà."

"Màmá!" ni Tẹ́rì pariwo. "Ọdún mélòó lẹ ti ń sunkún ọmọ yín?"

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún ìyá mi.

"Ta nìyẹn?"

"Tẹ́rì ni, Màámi. Òun ló ń ṣe ètò."

"Áà. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà. Ẹ kú ìdúró. Ẹ kú làálàá ọmọ wa tó wà lọ́dọ̀ yín."

"Kí ló sọ?" Tẹ́rì bi mí.

"Ó ní ẹ kú ìdúró."

"Kú ìdúró báwo?"

"Ẹ dúró, àbí? Ó ń kí yín sí i."

Ọmọbìnrin oníwèé ń fi ọwọ́ yí nínú afẹ́fẹ́ pé kí a yára. Tẹ́rì tẹ̀ sí iwájú. "Màmá, ẹ sọ fún un bí àárò rẹ̀ ṣe ń sọ yín!"

"Ilé yín ńkọ́, sà?" ni ìyá mi wí. "Ìyàwó ńkọ́?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ mi ni. Tẹ́rì rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kò sí ìyàwó mọ́. Mo túmọ̀ ìyẹn náà.

"Háà! Kò sí mọ́ báwo? Ta ló bá yín dá sí i? Kò sí àgbà ládùúgbò yín ni? Àwọn ọmọ ńkọ́, ta ló ń tọ́jú wọn?"

"Màmá, nípa ọmọ yín..."

"Ìyá yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ṣì wà láyé?"

"Ó wà láyé," ni Tẹ́rì dáhùn. Ohùn tó fi sọ ọ́ kì í ṣe ohùn tí wọ́n fi ń ta ọṣẹ. "Ó wà ní ilé àwọn arúgbó."

"Ìgbà wo lẹ kí wọn kẹ́yìn?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Àwọn oníkámẹ́rà kò mọ ẹni tí wọn ó dojú kámẹ́rà kọ. Ojú Tẹ́rì pọ́n. Wọ́n ti fún mi ní áńkáṣíìfù kan ṣáájú, wọ́n ká a dáadáa, kí n lè rí i mú bí ẹkún bá dé. Ó na ọwọ́, ó gbà á lọ́wọ́ mi.

"Ó ń sunkún, Màámi," ni mo sọ.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni ìyá mi sọ fún un; kò tún pè é ní sà mọ́. "Má sunkún níta gbangba. Dìde, lọ kí ìyá rẹ. Ó dára. Ibo ni ọmọ tèmi wà? O kú òtútù o. Ìyá Jàmáíkà ńkọ́? Gbọ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ ni pé..."

Kéré. Wáyà já.

*

Ẹ má rò pé ibẹ̀ ni ojú ti ẹnikẹ́ni. Àwọn ìwé ìròyìn yin omijé Tẹ́rì. Wọ́n ní kò sí ọkùnrin tó lójú àánú tó o. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún sunkún, ní ilé ẹlòmíràn. Lọ́sẹ̀ kẹta, kámẹ́rà kò rí omijé náà dáadáa, mo sì mọ̀ nítorí pé a rí i tó dáwọ́ dúró, tó nu ojú, tó sì tún bẹ̀rẹ̀. Bóyá ó lọ kí ìyá rẹ̀, bóyá kò lọ, n kò mọ̀. Mo gbàdúrà pé ó lọ láìmú kámẹ́rà dání.

Jẹ́rẹ́mì ní èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. "Gbogbo ìlú ló ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ àti Tẹ́rì. Kò sí ẹni tó rántí rẹ. O kò tilẹ̀ sunkún!" Ó ní òun ṣì lè tẹ ìwé náà bí mo bá yí Gbajúmọ̀ padà, kí ó máa gba èèyàn là ní tòótọ́, kí ó sì lójú àánú díẹ̀, bíi Tẹ́rì.

Mo wo akọni mi lórí tábìlì rẹ̀, láàárín òórùn ẹja. Ọdún tí mo fi yà á pọ̀ ju oṣù tí Jẹ́rẹ́mì ti fi ya ẹ̀wù rẹ̀ lọ. Mo kó páálí mi jọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lò ń ṣe?" ó bi mí.

"Mo ń gbé e lọ sílé."

"Kò sí ẹlòmíràn tó máa tẹ̀ ẹ́ fún ọ."

"Ó dàbọ̀, Jẹ́rẹ́mì," ni mo wí. "Bá mi kí baba rẹ."

Àǹtí Dọ́rín ló rí ọ̀nà. Ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, tí wọ́n fi ń tẹ orin ọjọ́ Ìsinmi. Pásítọ̀ wọn béèrè ohun tó wà nínú ìwé náà. Àǹtí Dọ́rín ní ó dá lórí ìgbéraga àti ìṣubú. Irọ́ kọ́ ni. Bí ọmọ ìmàle Ìtòkú ṣe ń yí ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn ní ọ̀sán Sátidé, tí obìnrin Jàmáíkà ń tò bébà, tí àwọ̀ aró ẹ̀rọ náà ń yí mi lọ́wọ́ dé ìgúnpá. Nígbà tí mo wo ọwọ́ mi, ọwọ́ ìyá mi ni mo rí.

Mo fi ìtàn kan kún un. Gbajúmọ̀ fò dé ìlú kan tó kún fún àpáta, pẹ̀lú ogún kámẹ́rà lẹ́yìn rẹ̀, ó bá ìyá àgbà kan nídìí ìkòkò aró. "Mo wá gbà yín là!" ni akọni wí. "Ẹ káàbọ̀, sà," ni ìyá wí. "Ilé ńkọ́? Ìyá yín ńkọ́?" Ìyá ń béèrè, àwọn kámẹ́rà ń dúró, bátìrì ń tán ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn kú, Gbajúmọ̀ já bọ́ sínú ìkòkò.

Àwọn nọ́ọ̀sì rà á. Àwọn tó ń ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn rà á. Aláìsàn kan ní òun kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ran ikùn òun, ó sì ń bínú sí mi nítorí okùn tó já. Orúkọ mi wà lára èèpo rẹ̀, ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà.

*

Mo fi ọ̀kan rán ẹni tó ń lọ sílé. Lóṣù tó tẹ̀lé e, mo pinnu pé màá sọ ọ̀rọ̀ mi kí ìyá mi tó kí mi.

"Màámi, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ṣe lọ́jọ́ yẹn ni? Àbí ẹ kàn ń kí i?"

"O kú òtútù," ni ìyá mi wí.

"Màámi!"

"Ẹni tí n kò mọ̀ rí ní kí n sunkún fún òun. Ṣé n kò ní kọ́kọ́ bi í bóyá ó ní ìyá tirẹ̀?" Ó tún padà sí ìkíni. "Ìyá Jàmáíkà ńkọ́?"

Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn, bí a bá lè pe ìyẹn ní ìdáhùn. Mo wá bi í, kí wáyà tó já, ọ̀rọ̀ tó ti fẹ́ bá mi sọ láti ọjọ́ yìí wá.

"Ọ̀rọ̀ wo?" ni ìyá mi wí. "Ṣé kì í ṣe òun ni mò ń sọ láti ọjọ́ yìí?"

Ẹrù kan dé lọ́wọ́ arìnrìn-àjò kan kí ọdún tó parí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, tuntun, tó ń run aró. Ìyá mi ti pín in sí ojú ilé bí ó ti yẹ. Ẹyẹ wà nínú ilé kan, ewé wà nínú òmíràn, ṣùgbọ́n ní àárín gbùngbùn, ọkùnrin kékeré kan ń fò, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń wo ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀. Gbajúmọ̀ ni, bí wọ́n ṣe rí i láti Ìtòkú. Bùrọ̀dá Lásísì kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé aṣọ náà ń tà gan-an, àti pé bí oníbàárà bá béèrè pé ta lọkùnrin yìí, èsì kan náà ni ìyá wa máa ń fún un: "Ẹni tí kì í kí èèyàn ni."

Mo ró o lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, lábẹ́ ẹ̀wù iṣẹ́ funfun ti ọsibítù. Mísíìsì Họ́bù wọlé, ó kọjá lára wa, ó ń lọ tààrà sídìí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ojú rẹ̀ bá bọ́ sí aṣọ náà. Ó dúró. Ó padà wá.

"Ta ni ọkùnrin yẹn?" ó bi mí, ó ń nawọ́ sí orúnkún mi.

Àǹtí Dọ́rín gbé áyọ́ọ̀nù sókè kí ó má baà jó aṣọ. Mo wo Mísíìsì Họ́bù lójú. N kò kúnlẹ̀.

"Màá sọ fún yín, mà," ni mo wí. "Ẹ kọ́kọ́ kí mi ná."